Owó Ilé Ló Lé Wọn Dé Tákíè

Ẹni tó bá dúró ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lópin oṣù, lásìkò tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ ń já èrò sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá ẹni tó wá ṣòkú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kó wálé. Ẹni tó wá ṣòkú, báàgì kan ló gbé dání, aṣọ ẹbí àti bàtà òde ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ Ajé ló sì ń padà. Ẹni tó kó wálé, ẹrù rẹ̀ gba gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, ó tún gun orí ọkọ̀: mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká bí ẹní tí wọ́n fi okùn dì, sílíńdà gáàsì, fáànù tí wọ́n ti yọ orí rẹ̀, ìkòkò nínú ìkòkò, páálí ìwé ọmọ iléèwé. Ìyá ń ka ẹrù, bàbá ń bá ọlọ́kadà nájà, ọmọ tí wọ́n bí sí Àjẹgúnlẹ̀ ń béèrè ibi tí ilé wọn wà.

Bí a bá bi irú wọn léèrè ohun tó gbé wọn dé, wọn kì í kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ tó bọ́ tàbí àárò ilé tó ń sọ wọ́n. Owó ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Èrò tiwa ni pé owó ilé ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àárín onílé àti ayálégbé. Òun ló ń yan ìlú tí èèyàn yóò gbé fún un, òun ló sì ń yan ibi tí ìlú yóò gbà fẹ̀. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kò bá tètè mójú tó o nísinsìnyí tí àwọn èèyàn ń bọ̀, ohun tó lé wọn kúrò l'Ékòó yóò tẹ̀ lé wọn dé ibí. Ẹni tó ti sá wálé kò sì ní ilé mìíràn tí yóò tún sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń gbà, owó òòjọ́ ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń rí, ṣùgbọ́n owó ọdún ni onílé ń béèrè. Ẹni tó ń wá yàrá kan àti pálọ̀ l'Ékòó yóò san ti ọdún kan, àwọn onílé mìíràn á ní àfi ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ejẹ́ǹtì, ti àgírímẹ́ǹtì tí lọ́yà kọ, àti owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Òfin wà o. Òfin ayálégbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe onílé lẹ́jọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó ọdún méjì lọ́wọ́?

Ibi tó ti dunni jù ni ti oníṣòwò kékeré. Ìyá tó ń ta ata ní Mile 12, owó tó fi ń ṣòwò nìkan ni owó tó ní láyé. Bí owó ilé bá pé, inú owó òwò yẹn ni yóò ti yọ ọ́. Ẹni tó ń ra àpò ata márùn-ún tẹ́lẹ̀ yóò padà sí àpò méjì, èrè méjì kò sì lè bọ́ ẹnu tí èrè márùn-ún ń bọ́. Kó tó gbérí, ọdún ti yí po, onílé ti fi owó lé owó. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òwò ti tán. Kò sí ọlọ́pàá tó wá lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ jáde, kò sí ìwé kóòtù tó sọ ìtàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ lóru, tí yóò ní òun ń lọ kí àwọn ará ilé.

Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń sá wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé Sùúrùlérè mọ́ á kó lọ sí Ìpájà. Ẹni tí Ìpájà bá le fún á sọdá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, sí Sàngó Ọ̀tà, Mágbòrò, Ìbafo, Mowé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn abúlé ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ṣe di ìlú lójú wa, láìsí ẹni tó jókòó ya ọ̀nà wọn sórí ìwé. Ilé wà ní Mowé, iṣẹ́ wà l'Ékòó, owó ọkọ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, okùn yẹn já. Gbogbo ohun tí wọ́n ń rí fi pamọ́ nídìí owó ilé, owó ọkọ̀ gbé e mì.

Ìbàdàn ló gba púpọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lóṣù kẹfà ọdún 2021 ti jẹ́ kí àwọn kan lè fẹsẹ̀ kan tẹ Mọ́níyà, kí wọ́n fẹsẹ̀ kejì tẹ Èbúté Mẹ́ta. Ayálégbé tó ti ń gbé Àkóbọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé wá rí i pé iye tí àlejò ń san láìjanpata ni onílé ń béèrè lọ́wọ́ òun náà. Ojú rẹ̀ bá yí sí ọ̀nà òkè. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì tún tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe ń kúrò níwájú ló ń ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Owó ilé ní California ti kó àìmọye ìdílé lọ sí Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní London, àwọn Yorùbá tó sọ Peckham di Èkó kékeré ti ń yà díẹ̀díẹ̀ lọ sí Thamesmead àti ilẹ̀ Kent. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kó lọ lọ́hùn-ún, ọ̀nà ti wà níbẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, iná ń tàn kí ẹrù wọn tó dé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kó dé ni yóò gbẹ́ kànga.

Ìlú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ìyà ẹni tó ń wá ibi forí pamọ́ sí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, inú odi Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ará Ìkòyí Ilé, kì í ṣe Ìkòyí Èkó, àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn sá wọ̀. Àgọ́ Ọ̀jà ni Aláàfin Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ tuntun láàrin ọdún 1830 sí 1840, tó sì kó àwọn ará ìlú tí ogun ti fọ́ jọ yí ara rẹ̀ ká. Ẹni tó bá dé nígbà náà, baálé kan ni yóò gbà á sí agboolé, wọn yóò fi ibi tí yóò mọlé sí hàn án, ọmọ rẹ̀ yóò sì di ọmọ àdúgbò. A kò sọ pé kí ayé àtijọ́ padà wá. Ilẹ̀ pọ̀ nígbà náà, ìlú sì nílò ọwọ́ tí yóò gbá ogun dànù. Ṣùgbọ́n ìlú tó fi àlejò di ńlá ni wá, kò yẹ kí àlejò di ẹrù tó wúwo jù fún wa lónìí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọmọ wa gan-an ni àlejò náà.

Ọmọ wa ni wọ́n, nǹkan tí ìwé ìkànìyàn sì sọ nìyẹn bí a bá fara balẹ̀ kà á. Lọ́dún 1952, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú kẹta tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Èèyàn inú rẹ̀ lé ní 139,000. Ìbàdàn àti Èkó nìkan ló ṣíwájú rẹ̀, Kánò wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ní 198,720, ti Gúúsù ní 100,815. Nínú ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ìlú yìí fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, Èkó sì ti di òkun èèyàn. Ibo ni àwọn ọmọ tí ìyá wa bí láàrin ọdún wọ̀nyẹn wà? Wọ́n wà ní Mushin, ní Àgége, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná. Ṣáájú wọn, àwọn bàbá àti ìyá wọn ti ṣòwò dé Tamale àti àwọn ọjà àríwá Gánà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì kó wálé láìròtẹ́lẹ̀. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, tó jọba láti ọdún 1973 títí tó fi wàjà lọ́dún 2021, Jọ́ọ̀sì ló ti ń ṣòwò kí wọ́n tó pè é wá sórí ìtẹ́ àwọn bàbá rẹ̀.

Gbogbo àwọn ará àjò wọ̀nyẹn ló gbà pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko, wọ́n sì fi owó tí wọ́n rí kọ́lé sílé. Ilé wọ̀nyẹn dà?

Ẹ rìn láti Tákíè wọ àdúgbò àtijọ́ tó yí ààfin Ṣọ̀ún ká. Ẹ óò rí ilé alájà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ orúkọ àti ọdún sí níwájú rẹ̀, tí igi òkè fèrèsé ti ń jẹrà. Yàrá méje ló wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà kan ń gbé ọ̀kan, ewúrẹ́ rẹ̀ ń sùn nínú èkejì, àgádágodo ló wà lẹ́nu márùn-ún yòókù. Kọ́kọ́rọ́ méjì wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Kàdúná, ọ̀kan wà ní Houston, ẹni tó ni ìkarùn-ún ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé bàbá wọn ní yàrá níbì kan. Páànù ti dípẹtà títí tó fi jò. Òjò ń gba àárín àjà wọlé, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri ti ń bọ́, amọ̀ pupa inú rẹ̀ sì ń ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀wàrà. Irú ilé yìí pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó pọ̀ ní Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí ibi tí bàbá tó kó wálé lánàá ti ń bi èèyàn léèrè yàrá tí kò rí.

Kí ló dé tí ẹbí kò fi yàrá wọ̀nyẹn rẹ́ǹtì? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tó bá gba owó ayálégbé lọ́dún méjì kan tẹ̀ lé ara wọn, lójú àwọn tó kù ó ti sọ ilé di tirẹ̀. Ẹni tó bá sì tún òrùlé ṣe yóò ní òun ló ni ín. Bákan náà, lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí kóòtù wa ń tẹ̀ lé, ẹnìkan kò lè dá ta ohun ìní ẹbí tàbí kó dá fi í rẹ́ǹtì. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin tó dára ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ tà á mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà ẹbí fọ́nká sí ìlú mẹ́rin, ìfọwọ́sí kì í wá, ilé á sì wó nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìpàdé.

Ibi tí owó ń rọ́ lọ ni ìhà LAUTECH. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990 yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgboro ló gbé wọn lé lọ́wọ́. Under G, Adéníkẹ̀ẹ́, Stadium, Yoaco, gbogbo wọn kún fún ilé gígùn tí wọ́n kọ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́. A kò bá ẹni tó kọ́ wọn wí. Òbí tó wà l'Ékòó ń san owó ọdún lẹ́ẹ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń pín yàrá kan, wọn kò sì ní ọmọ tí yóò fi èédú kọ̀wé sára ògiri. Onílé tó rí irú èyí, kí ló fẹ́ fi ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òun máa san án lóṣooṣù ṣe? Iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní Under G ló ń di iye tí bíríkìlà àti tíṣà ń gbọ́ ní àwọn àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò gbé.

Òwò tó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan ni. Àwọn tó wà níbí lọ́dún 2016 sí 2017 kò gbàgbé bó ti rí nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí wọn kò san ti ilẹ̀kùn LAUTECH pa, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń ti ẹrù náà síra wọn. Koríko hù lẹ́nu ọ̀nà ilé akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olóúnjẹ kógbá sílé, onílé tó yáwó kọ́lé kò rí owó tí yóò fi san gbèsè. Láti ìparí ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni yunifásítì náà. Kò sí ẹni tí a tún lè máa nawọ́ sí.

A mọ̀ pé onílé náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Irin àti páànù náà kò dúró. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́fà, owó ilé yẹn ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a fi òfin dá owó ilé dúró sójú kan kò ro ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè mú kí owó ilé rọ̀ láìpa onílé lára ni kí yàrá pọ̀. Yàrá wà, a tún un sọ, wọ́n wà lẹ́yìn àgádágodo.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti aláṣẹ LAUTECH kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọgbà, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ ọgbà fún olókòwò tó lè kọ́ ọ, kó gba owó rẹ̀ padà fún iye ọdún kan, kó sì dá a padà. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ọgbà ń dá ààbọ̀ yàrá padà fún ìgboro. Kí àwọn kóòtù ìbílẹ̀ wa ní ìwé àdéhùn kan ṣoṣo, ní èdè Yorùbá, fún rírẹ́ǹtì yàrá ilé ẹbí: kí ó sọ pé ayálégbé ni ayálégbé, pé ẹni tó gba owó kò di onílé, pé owó àtúnṣe ni a ó kọ́kọ́ yọ kí a tó pín èyí tó kù, kí ó sì gba ìfọwọ́sí ọmọ ẹbí tó wà lájò láti orí fóònù níwájú akọ̀wé kóòtù. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ayálégbé lè san owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó ń jẹun lóòjọ́ kò lè kó owó ọdún jọ.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ fi jáfara. Bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ṣe ń dára sí i, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀mí tó ti bá ọ̀nà tóóró yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Èkó kọ́ wa ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ilé ṣíwájú ọ̀nà. Láti ọdún 1955 ni wọ́n ti ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè, níbi tó jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń jẹun. Lóṣù keje ọdún 1990, wọ́n wó Màrókò, nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí katakata ìjọba wá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Aróje, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn ogún ọdún.

A kò ṣaláìní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣètò ìlú wà ní LAUTECH, ti àwọn ayàwòrán ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iléèwé ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn súfeyọ̀ wà ní Ọ̀yọ́, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ sí Tákíè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn tó wà ní Ọ̀yọ́ pe àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n jọ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí tó nilẹ̀, kí wọ́n fa ọ̀nà, gọ́tà, ilẹ̀ iléèwé àti ti ọjà sórí ilẹ̀ kí ilé tó gorí rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́nà Ìlọrin, inú oko kajú ni wọ́n ti ń gé ilẹ̀ tà báyìí. Àwọn òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké tí súfeyọ̀ gbìn, tí kò ga ju orúnkún lọ, wà láàrin àwọn igi náà, nọ́ńbà pupa wà lórí wọn. Ní àwọn ibì kan, òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ṣì ń ṣa èso kajú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàrin òpó kan sí èkejì, àyè tí ọkọ̀ méjì lè gbà kọjá ara wọn ṣì wà.